Àwọn Ọ̀gá Ọlọ́pàá ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń jọba, àwọn ìlàrí tí wọ́n fá apá kan orí ló ń gbé àṣẹ Aláàfin kiri. Ní ayé òyìnbó, akódà, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba, di ọlọ́pàá ìbílẹ̀, lábẹ́ ọba àti kóòtù ìbílẹ̀. Wọ́n mọ ìlú, wọ́n sì gbọ́ èdè. Ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú fi wọ́n ni àwọn alátakò lára, ìjọba ológun sì tú wọn ká lẹ́yìn ìfipágbàjọba 1966.

Láti ìgbà náà, Ìbàdàn ni kọmíṣọ́nnà tó ń darí ọlọ́pàá Igbó-Ọrà àti Èrúwà ní Ìbàràpá wà, ọ̀gá àgbà gbogbo wọn sì ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Òyìnbó ló ń jẹ oyè ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá náà tẹ́lẹ̀ títí Louis Edet fi gbà á ní 1964. Sunday Adéwùsì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ ẹ́ láàárín 1981 sí 1983.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, Ọláyínká Ọláyanjú, ló kọ́kọ́ darí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin ọba. Ọlọ́pàá tó wà nítòsí, tó sì mọ ilẹ̀, ni Ìbàràpá nílò.