Ìlù Rọ́ọ̀kì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti Àdúgbò Wa

Bí a ti ń jó lónìí, ó yẹ kí a rántí pé agbègbè wa yìí ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ ìlù. Láti Maryland sí àárín Ìkẹjà kò jìnnà. Ní Ìkẹjà ni Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ ARC sí ní oṣù kìíní ọdún 1973.

Inú ẹgbẹ́ Cream ni Baker ti di olókìkí, ìlù rẹ̀ níbẹ̀ sì máa ń sán bí ààrá. Lọ́dún 1973 kan náà, Paul McCartney kó ẹgbẹ́ Wings wá sí Èkó láti ṣe àwo orin Band on the Run. Kí wọ́n tó gbéra ni onílù wọn, Denny Seiwell, ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. McCartney, tí ayé mọ̀ mọ́ jìtá àti orin kíkọ, ló bá jókòó sídìí ìlù fúnra rẹ̀. Ilé EMI ní Àpápá ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe Picasso's Last Words ní ilé Baker ní Ìkẹjà. Kí ni Baker lù nínú orin yẹn? Agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ni ọ̀gá onílù náà ń mì. Orin ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìlù rọ́ọ̀kì tó ń rìn jẹ́jẹ́. Kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìlù ńlá ní ení àti ẹ̀ta. Ọwọ́ òsì lu ìlù kékeré ní èjì àti ẹ̀rin. Ọwọ́ ọ̀tún ń kan àwo onídẹ lẹ́ẹ̀mẹjọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà láàárín ení àti èjì. Ó máa ń dà bí ọdún kan lójú akẹ́kọ̀ọ́! Ọwọ́ á máa yún un, á fi ẹ̀ṣọ́ kún un, á sáré, olórin á sì ṣìnà. Kí ó máa kà á sókè, kí ó dẹ ọwọ́, kí ó fi àyè náà sílẹ̀.

Ọmọ Èkó tiwa, Tony Allen, tí a bí ní 1940, mọ èyí dáadáa. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò ni nígbà tó ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù, lẹ́ni ọdún 18. Nínú ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá, igi kékeré méjì tí a ń lù mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ìgbà tí onílù wọn lọ ló tó bọ́ sípò. Ó dara pọ̀ mọ́ Fẹlá ní 1964, ó sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di 1979. Afrobeat kì í ṣe rọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ìkóra-ẹni-níjàánu kan náà ni.

Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí i. Bí gúdúgúdú kò bá dúró lójú kan, ìyáàlù kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́. Ẹni tó ń gba owó oṣù, ẹni tó ń to àga, ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò, àwọn ló gbé wa dé ọdún mẹ́wàá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ ọdún láyé.