iLab Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀

iLab Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ ètò yàrá ìmọ̀ ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ilé-Ifẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ibi tó wà fi kọ̀ǹpútà darí ẹ̀rọ gidi tó wà nínú yàrá náà.

Ìtàn

Ní ọdún 1998, Jesús del Alamo ti MIT ní Amẹ́ríkà gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Carnegie, ètò náà dé Ilé-Ifẹ̀, Makerere ní Ùgáńdà àti Dar es Salaam ní Tànsáníà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ohun tó fẹ́ dán wò ránṣẹ́, ẹ̀rọ yóò ṣe é, èsì yóò sì padà sí i. Nítorí pé èsì náà kò wúwo, íntánẹ́ẹ̀tì tí kò yára lè gbé e. Ẹ̀rọ kan sì lè tó ọ̀pọ̀ ènìyàn lò.

Iṣẹ́ àṣekágbá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ kópa nínú kíkọ́ àwọn yàrá tuntun, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ nípa op-amp. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ so ẹ̀kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ ti sọ́fítíwíà. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ̀rọ á dákẹ́. Wíwá ojútùú sí èyí tó iṣẹ́ àṣekágbá ṣe.