Ijó Àgbà: Ìtàn Ijó Ọbàtálá ní Ẹdẹ

Ijó Ọbàtálá ní Ẹdẹ kì í yára. Àwọn olórìṣà á wọ aṣọ funfun, wọ́n á fi sẹ́sẹ́ ẹfun sọ́rùn, ẹ̀yìn wọn á tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì máa gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlù ìgbìn bá ṣe ń pè é. Ẹnikẹ́ni kì í fò, ẹnikẹ́ni kì í tàkìtì. Àgbàlagbà ni òrìṣà náà, ìrìn àgbà sì ni ijó rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá bọ́ sí agbo ní láti rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀ kí ijó náà tó lè gún. Nínú ijó yìí, arúgbó kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn ń fàyè gbà. Òun ni ọ̀gá.

Ìlú jagunjagun ni Ẹdẹ níbẹ̀rẹ̀. Ìtàn ìdásílẹ̀ rẹ̀ sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, akọni tó ń ta ọfà oníná, wá sí ibẹ̀ láti ṣọ́ ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà, nítorí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń dá wọn lọ́nà. Láti Ọ̀yọ́ náà ni Ṣàngó ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílùú, tòun ti bàtá tó jẹ́ ìlù rẹ̀. Bàtá ń béèrè èjìká tó le àti ẹsẹ̀ tó já fáfá. Agbára ọ̀dọ́ ló fi ń ṣọlá. Ìgbìn yàtọ̀ sí i. Ìlù onígi kúkúrú ni, ara igi kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè dá dúró nílẹ̀. Ìyá-ńlá, Ìyá-gan, Kẹkẹ àti Afẹ̀rẹ̀ ni orúkọ àwọn ìgbìn náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní àwọn ìyàwó Ọbàtálá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn ló ń pàtẹ́wọ́ fún ọkọ wọn kí ó lè jó, kó tó di pé ìlù dé.

Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Lọ́jọ́ kan ẹmu pa á lójú iṣẹ́, ó sì mọ abuké, arọ, aràrá àti àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó kọ ẹmu, ó sì gba gbogbo wọn ní tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni à ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, tí ẹmu di èèwọ̀ fún àwọn tó ń bọ ọ́, tí ó sì di èèwọ̀ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí o: ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní ní ojúbọ kò pa ẹ̀sín ọjà rẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ní agbo ijó, ẹ̀yìn tó tẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú, nítorí òrìṣà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀yìn jó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìtìjú ti hàn gbangba jù lọ ni eré tí wọ́n ń ṣe níwájú ààfin Tìmì, ọba Ẹdẹ, nígbà ọdún Ọbàtálá. Àgbà àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ ni Ajagẹmọ. Àwòrò kejì, Olúnwi, á kò ó lójú, wọ́n á wọ̀yá ìjà, Olúnwi á sì ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n á mú Ajagẹmọ lẹ́rú, wọ́n á gbé e kúrò níwájú ààfin lójú gbogbo ìlú. Ara ló ń sọ ìtàn náà, kì í ṣe ẹnu. Lẹ́yìn èyí ni Tìmì á dá sí i, á san owó ìràpadà fún Olúnwi, Ajagẹmọ á sì jó padà wá sí ààfin, àwọn èrò á máa tẹ̀lé e títí tí ìpadàbọ̀ náà á fi di ti aṣẹ́gun.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ so mọ́ eré yìí ni ti ìrìn Ọbàtálá sọ́dọ̀ Ṣàngó. Ifá ní kó má lọ, ó lọ. Èṣù da epo sí i láṣọ funfun lójú ọ̀nà, kò bínú. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó ń mú un bọ̀ fún olówó rẹ̀, wọ́n pè é lólè, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n fún ọdún méje. Òjò kọ̀, àwọn obìnrin kò bímọ mọ́, títí wọ́n fi mọ̀ pé arúgbó aláìṣẹ̀ ni wọ́n há mọ́lé. Ohun tí eré Ẹdẹ fi yàtọ̀ nìyí: kò fi ìrẹ̀sílẹ̀ àgbà pamọ́. Ó gbé e síta kí gbogbo ojú rí i, ó sì jẹ́ kí ọba, lójú gbogbo ènìyàn, fi owó tú u sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká rí ìjìnlẹ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1976, *Myth, Literature and the African World*.

Ẹni tó ṣe àkọsílẹ̀ eré náà fún àwọn òǹkàwé òkèèrè ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó gbé ní Ẹdẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tó sì tẹ ìwé jáde lórí ọdún ìbílẹ̀ ìlú náà ní 1959. Aya rẹ̀ nígbà náà, Susanne Wenger, kò dúró lórí kíkọ nǹkan sílẹ̀. Ajagẹmọ ló mú un wọ inú ìsìn Ọbàtálá, kò sì kúrò nínú rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní Òṣogbo ní 2009, lẹ́ni ọdún 93. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní ni Tìmì Ẹdẹ lásìkò tí Beier gbé níbẹ̀; ó jọba láti 1946 sí 1975. Onígbàgbọ́ ni, síbẹ̀ kò fi ìlù àti ọdún ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá.

Àmọ́ agbo ti ń kéré. Láti ayé Tìmì Àbíbù Lágúnjú, ọba Mùsùlùmí ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni Ìsìláàmù ti gbilẹ̀ ní Ẹdẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú sì dé. Nígbà tó fi máa di àsìkò Beier, àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kù sí ìdí òrìṣà.

Ẹ̀ka tó lọ sí Brazil ṣì rinlẹ̀. Ní Bahia, ọ̀nà méjì pàtàkì ni Òṣàlá, bí wọ́n ṣe ń pe Ọbàtálá níbẹ̀, ń gbà jó: Oxaguiã, ọ̀dọ́ ajagun, tí orúkọ rẹ̀ ti Òrìṣà Ògìyán ìlú Èjìgbò wá, àti Oxalufã, arúgbó, tó jẹ́ Òrìṣà Olúfọ́n ti Ifọ́n. Ìlú méjèèjì kò jìnnà sí Ẹdẹ. Oxalufã á fi ọ̀pá tilẹ̀, á tẹ̀ba mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn á na aṣọ àlà sókè lé e lórí, á sì máa rìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lórí ọ̀rọ̀ ijó àti ọjọ́ orí, ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Yúróòpù gbà. Ní Opéra ìlú Paris, ọmọ ọdún 42 ni oníjó ń fẹ̀yìn tì. Ìgbà tó yá ni àwọn kan kọ èyí: Jiří Kylián dá ẹgbẹ́ kan fún àwọn oníjó tó ti lé ní ogójì ọdún sílẹ̀ ní Netherlands ní 1991, Pina Bausch sì gbé ijó rẹ̀ *Kontakthof* fún àwọn ará Wuppertal tó ti lé ní ọdún 65 ní 2000. Germaine Acogny, oníjó tí a bí ní Porto-Novo ní 1944, tí ìyá-bàbá rẹ̀ jẹ́ ìyálórìṣà Yorùbá, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí. Ó ń dá jó lórí ìtàgé lẹ́yìn tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, Venice Biennale fún un ní Kìnnìún Wúrà ní 2021, ọdún kan náà sì ni òun àti Malou Airaudo, tí òun náà ti lé ní àádọ́rin, jọ jó *common ground[s]*.

Ẹdẹ fúnra rẹ̀ tún gbọ́ àríyànjiyàn lórí àgbà tó ń jó lọ́nà mìíràn. Nígbà tí Ademola Adeleke, ọmọ Ẹdẹ, di gómìnà Ọ̀ṣun ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, lẹ́ni ọdún 62, gbogbo Nàìjíríà ti mọ ijó rẹ̀, àwọn alátakò sì ń sọ pé irú ijó bẹ́ẹ̀ kò bá ipò mu. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa ìṣèlú rẹ̀, ìlú tí Ajagẹmọ ti ń jó níwájú ọba kò lè ka ijó sí ohun tí àgbà gbọ́dọ̀ fi pamọ́.

Redeemer's University, Adeleke University àti Federal Polytechnic wà ní Ẹdẹ lónìí. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ pe àwọn onílù ìgbìn àti àwọn àgbà olórìṣà wá sí kíláàsì, kí wọ́n san owó iṣẹ́ wọn fún wọn, kí wọ́n sì fi àṣẹ wọn ya ijó náà sí fídíò, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti tún ẹsẹ̀ ẹni tó bá ṣì í gbé ṣe.