Awakọ̀ Òfurufú Jámánì Kan àti Ọ̀nà Takoradi

Bí ẹnì kan bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀, tí ó sì ta òwú láti Èkó dé Kánò ní tààrà, yóò rí i pé òwú náà gba ilẹ̀ Ìgbómìnà kọjá, kò jìnnà sí Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán; Gánmọ yóò sì wà ní apá òsì rẹ̀ bí a bá kọjú sí àríwá. Ní àkókò Ogun Hitler, láti ọdún 1940 títí di 1943, ìrìn Èkó sí Kánò yìí jẹ́ apá kan nínú ọ̀nà òfurufú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó ọkọ̀ ogun lọ sí Íjíbítì. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò fi ojú kan Ìgbómìnà rí. Ọmọ Jámánì ni, Hans-Joachim Marseille ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa já irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ ní òpin ìrìn àjò wọn.

Ìlú Berlin ni a gbé bí i ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1919. Ológun ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n baba àti ìyá ti kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré. Ó wọ iṣẹ́ ogun òfurufú ní 1938, aláìgbọràn ọmọ sì ni níbẹ̀. Nígbà tí Jámánì ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà láti òkè ní 1940, wọ́n kà á sí i lọ́rùn pé ó já ọkọ̀ méje, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tirẹ̀ pàápàá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú Johannes Steinhoff, ọ̀gá rẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn. Báyìí ni ó ṣe di ará ẹgbẹ́ JG 27, tí ó sì bá wọn dé Líbíà ní oṣù Kẹrin ọdún 1941. Eduard Neumann, olórí rẹ̀ tuntun, ní sùúrù fún un.

Sùúrù náà so èso. Àwọn awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti South Africa a máa yí po ní òbìrípo, kí olúkúlùkù lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn ẹnì kejì. Àárín òbìrípo yìí gan-an ni Marseille ń já sí. Bí ọdẹ tí ń ta ẹyẹ lójú òfurufú ni ó ṣe ń yìnbọn: kì í fojú sun ibi tí ẹyẹ wà, ibi tí ẹyẹ ń lọ ni ó ń fojú sun. Ìbọn díẹ̀, ó ti fò sókè padà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1942, a gbọ́ pé mẹ́fà ni ó já nínú ọkọ̀ àwọn ará South Africa nítòsí Bir Hakeim. Láàárín oṣù náà ni wọ́n fi í jẹ olórí ọ̀wọ́ kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, a kọ mẹ́tàdínlógún sí i lọ́rùn ní ọjọ́ kan ṣoṣo! Gbogbo rẹ̀ di 158, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ tí ẹni bíi tirẹ̀ lè gbà.

Kí a má ṣe jẹ́ kí iye yìí pa wá lójú. Ní ìhà méjèèjì, ohun tí àwọn awakọ̀ sọ pé àwọn já lulẹ̀ a máa ju ohun tí ó sọnù lóòótọ́ lọ, nítorí eruku àti ìkánjú ogun. Ohun kejì ni ó tilẹ̀ wúwo jù lójú tèmi. Ọkọ̀ ajàjà bíi tirẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ gbogbo ohun tí Marseille já. Àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù tí ń ba àwọn ọmọ ogun Rommel jẹ́ nílẹ̀ kò tó nǹkan nínú wọn. Okìkí ń pọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù kò yéé bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó já lónìí, òmíràn a ti rọ́pò rẹ̀ lọ́la.

Níbo ni àwọn arọ́pò náà ti ń wá? Ọ̀pọ̀ wọn gba ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi a kó wọn nínú àpótí onígi ńláńlá wá sí Takoradi ní Gold Coast, tí ó ti di Ghana lónìí. Níbẹ̀ ni a ti ń tò wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà wọn a fò lọ sí Èkó, Kánò, Maiduguri, Fort Lamy, Khartoum, títí dé Íjíbítì, ìrìn tí ó ju 3,500 máìlì lọ. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940: Hurricane mẹ́fà, pẹ̀lú Blenheim kan tí ń ṣáájú wọn. Kí ó tó parí, ọkọ̀ bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ó ti gba ọ̀nà yìí. Ẹni tí ó ń ka iye tí Marseille já, kí ó fi iye yìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ará Jámánì mọ̀ nípa ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1942, ọkọ̀ Heinkel kan ṣoṣo ti gúúsù Líbíà wá, ó ju bọ́ǹbù sí Fort Lamy, tí a ń pè ní N'Djamena báyìí, ìtòsí ààlà ilẹ̀ wa, ó sì sun epo rẹpẹtẹ níná. Epo tirẹ̀ náà tán nígbà tí ó ń padà, ó sì balẹ̀ sínú aṣálẹ̀, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó wá wọn rí. Wọn kò tún irú rẹ̀ dán wò mọ́.

Ọmọ Áfíríkà kan wà tí ó mọ Marseille ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Mathew Letulu ni, ọmọ South Africa tí àwọn Jámánì kó ní òǹdè nígbà tí Tobruk ṣubú ní oṣù Kẹfà ọdún 1942. Marseille mú un sọ́dọ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé fún un, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Wọ́n ní ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá kú, kí wọ́n tọ́jú Letulu. Inú àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń dùn sí ìtàn yìí, wọn a fi í hàn bí ẹ̀rí pé ọmọ náà kò gba ti Hitler gbọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹdè kì í yan ọ̀gá, ìjọba tí Marseille sì ń jà fún ni ó ń pa àwọn Júù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ọdún náà gan-an.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1942, èéfín kún inú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń júwe ọ̀nà fún un títí wọ́n fi dé orí ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ Jámánì. Nígbà tí ó bẹ́ jáde, ìrù ọkọ̀ gbá a láyà. Agbòòrùn tí ì bá gbé e sọ̀kalẹ̀ kò ṣí. Ọmọ ọdún 22 ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, ogun El Alamein bẹ̀rẹ̀, kí ọdún náà sì tó parí, ẹgbẹ́ JG 27 ti kúrò ní Áfíríkà.

Òkúta ìrántí Marseille wà nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì títí di òní. Orúkọ àwọn tí ó tú àpótí ní Takoradi, àti ti àwọn tí ó ro pápá ọkọ̀ òfurufú ní Kánò àti Maiduguri, ṣọ̀wọ́n nínú ìwé. Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1942 ti lé ní àádọ́rùn-ún báyìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní irú bàbá tàbí ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ ní Gánmọ, ní Èsìẹ́ tàbí ní Òmù-Àrán, ẹ wólẹ̀ kí wọn nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ lókè.