Bọ́ọ̀lù Tí Wọ́n Rẹ Sínú Kẹ́míkà

Nínú eré bowling, òróró ni wọ́n máa ń fi pa ojú pákó. Bí bọ́ọ̀lù bá le jù, ṣe ló máa yọ̀ lọ tààrà, kò ní yà. Lọ́dún 1973 ní Amẹ́ríkà, Don McCune dá ọgbọ́n kan: ó rẹ bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú kẹ́míkà kí ara rẹ̀ lè rọ̀, kó sì lè di pákó mú. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà ló gbà lọ́dún náà! Àmọ́ kẹ́míkà ọ̀hún tètè máa ń gbiná. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ṣòfin lórí bí bọ́ọ̀lù ṣe lè rọ̀ tó. Lónìí, onírúurú bọ́ọ̀lù ni ọ̀jáfáfá ń gbé dání. Bí òróró bá ṣe rí ló ń yàn.