Ẹ̀wà Kàlàbá àti Ọkàn Tó Dákẹ́

Láyé àtijọ́, ẹni tí àwọn Ẹ́fíìkì ní Kàlàbá bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún ní ẹ̀wà èsèrè jẹ. Bó bá bì í, ó mọ́. Bó bá kú, ẹjọ́ parí. Ní 1855, Robert Christison, oníṣègùn ní Edinburgh, tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yí padà, omi tó fi fá irùngbọ̀n ló sáré mu kí ó lè bì. Ní 1864 ni wọ́n yọ májèlé inú ẹ̀wà náà, physostigmine, sọ́tọ̀. Láìpẹ́, wọ́n rí i pé ó ń borí májèlé mìíràn, atropine.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni ẹ̀wà yìí tún yọjú. Roland Kuhn, dókítà ní Münsterlingen ní Switzerland, ti kéde ní 1957 pé imipramine ń ran àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dá gúnlẹ̀ lọ́wọ́. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n àlòjù rẹ̀ ń pani. Àwọn tí wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn, ẹnu wọn gbẹ, ẹyinjú wọn fẹ̀, wọ́n ń ṣe ìrànrán, bí ẹni tó jẹ atropine gẹ́lẹ́. Nítorí náà, ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ dókítà ń fún wọn ní physostigmine. Ẹni tó ti dákú a lajú. Ta ni kò ní yọ̀?

Ọkàn ni ikú fara pamọ́ sí. Irú oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bẹ́ẹ̀ ń dí ọ̀nà tí sodium ń gbà wọ inú ẹran ara ọkàn, lílù rẹ̀ a sì dàrú. Ní 1980, Pentel àti Peterson ní Amẹ́ríkà ròyìn aláìsàn méjì tí ọkàn wọn dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gba physostigmine. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń sá fún un nínú irú ọ̀ràn yìí.

Ohun tó rọ́pò rẹ̀ kò ní ìtàn àjẹ́ kankan: sodium bicarbonate, sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò gan-an. Àwọn dókítà ní Ọsirélíà ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1973. Sodium inú rẹ̀ ń já ọ̀nà tó dí, ó sì ń dín kíkan ẹ̀jẹ̀ kù, kí oògùn náà lè tú ọwọ́ lára ọkàn. Lójú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán lílù ọkàn, ìlà tó ti fẹ̀ a máa sún padà sí bó ṣe yẹ. Sódà tí a pò mu nílé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, nílé ìwòsàn, níṣojú ẹ̀rọ náà.