Ẹyọ Zanzibar àti Àwọn Ilé Òwò Tí Kò Lè Dúró Sẹ́yìn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òwò etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo pupa ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tí wọ́n fi ń ra epo náà ni a sábà máa ń gbàgbé. Owó ẹyọ ni: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ní egbàá kan, egbàá mẹ́wàá ní ọ̀kẹ́ kan.

Láti ayébáyé, erékùṣù Maldives ni ẹyọ kéékèèké ti ń wá, tí ó ń gba Yúróòpù kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1845, ilé òwò Hertz ti ìlú Hamburg dán ọ̀nà mìíràn wò. Ó kó ẹyọ láti Zanzibar, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, wá sí etíkun tiwa. Ẹyọ yìí tóbi ju ti Maldives lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi ń rà á níbẹ̀. Ǹjẹ́ àwọn tí ń ta epo yóò gbà á gẹ́gẹ́ bí owó? Wọ́n gbà á, èrè Hertz kò sì farasin pẹ́. O'Swald, tí òun náà jẹ́ ará Hamburg, tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni Régis ti Marseille wọlé, ẹni tí ó ti fìdí kalẹ̀ nínú odi àwọn Faransé ní Ouidah.

Lójú tiwa, ìpinnu Régis ni ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ wò jù. Hertz ń wá èrè. Régis ń sá fún àdánù. Ó ti ní ilé ìkẹ́rùsí, ó ní ọkọ̀ ojú omi, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ní Marseille sì ń retí epo. Bí ó bá kọ ẹyọ Zanzibar sílẹ̀, àwọn ará Hamburg yóò máa fi owó tí wọ́n rí lọ́pọ̀ ra epo mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrè tíńtín nínú òwò ẹyọ sàn fún un ju kí ó dúró lóde. Bí olúkúlùkù ti rò ó nìyẹn, gbogbo wọn sì wọlé.

Ẹyọ wá pọ̀ bí yanrìn. Dọ́là fàdákà tí egbàá kan ń rà kí ọdún 1850 tó pé di ohun tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ egbàá rà. Àwọn ilé òwò fi ẹyọ sílẹ̀, wọ́n yí sí owó fàdákà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ri ìkòkò ẹyọ mọ́lẹ̀ ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ kò ní ọjà mìíràn tí yóò gbé e lọ.